Láti Yábàá Dé Aro: Kí Ló Ń Tán Àwọn Nọ́ọ̀sì Ọpọlọ Lókun?

Ọ̀nà tó lọ láti Yábàá sí Abẹ́òkúta kò jìn mọ́ láyé òde òní. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ń gbéra ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágomeji, á gba Agége, Agbádò, Kájọlà àti Papalanto, kó tó já èrò sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Láderin. Òrùlé páànù tó fara kọ́ra ló ń sin èrò jáde kúrò l'Ékòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni igbó àti oko ẹ̀gẹ́ á gba ojú fèrèsé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, òmíràn wà ní òpin rẹ̀, a sì ti sọ orúkọ àwọn méjèèjì di èébú. Bí ọmọ Èkó bá ń bá ẹnìkejì rẹ̀ fa ọ̀rọ̀, á ní Yábàá ló yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ. Ará Abẹ́òkúta á ní Aro ni. Aláìsàn ni èébú yẹn ń bà, ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rántí: àwọn tó ń wọ aṣọ funfun wọlé láràárọ̀ àti lálaalẹ́, tí iṣẹ́ oòjọ́ wọn jẹ́ láti máa gbé pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi ìrìnàjò yìí sọ ni pé àárẹ̀ náà kò ti ọ̀dọ̀ aláìsàn wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìlágbára tàbí àìnígbàgbọ́ wọn ló fà á. Iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo ìlú jọ ṣe la kó lé èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́, a wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Yábàá ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣà yìí ti ta gbòǹgbò. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé kan síbẹ̀ fún àwọn alárùn ọpọlọ, pẹ̀lú aláìsàn 14, nínú ilé tó jẹ́ ti rélùwéè tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ wò wọ́n sàn. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń wá ni kí àwọn tó ń rìn ìrìnkurìn kúrò lójú títì Èkó. Kò sí dókítà ọpọlọ kankan níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olùṣọ́ ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n bọ́ aláìsàn, kí wọ́n sì rí i pé kò sá lọ. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1916, tó tún wà nínú ìwé òfin 1958, sọ̀rọ̀ ìtìmọ́lé ju ìtọ́jú lọ, òun náà la sì ń lò títí di oṣù Kìíní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu òfin tuntun. Ẹ ro iye ọdún tó wà láàárín. Ilé ìwòsàn tòótọ́ ni Yábàá lónìí: àwọn onímọ̀ wà níbẹ̀, oògùn wà, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn níṣẹ́, àìmọye èèyàn ló sì ti ibẹ̀ padà sílé pẹ̀lú orí pípé. Ohun tí ìlú ń retí lọ́wọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kò tíì yí padà. Ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń gbé èèyàn wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló ti gbé e kiri ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn fún oṣù mélòó kan tàbí ọdún. Owó ti tán, sùúrù ti tán, okùn ti dá egbò sí ọrùn ọwọ́ aláìsàn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò gba ẹrù náà lórí wọn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì máa ń bá pàdé.

Dókítà á wá, á yẹ aláìsàn wò, á kọ̀wé, á lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Nọ́ọ̀sì ló ń bá a gbé. Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ alẹ́ kan ṣe máa ń rí. Kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán tó lọ, wọ́n á jọ ka aláìsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ka síbí, torí síbí kan tó sọnù lè di ohun tí ẹnì kan máa fi ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Oògùn ló kàn. Kò tó kí nọ́ọ̀sì kàn fi oògùn lé èèyàn lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí onítọ̀hún gbé e mì, kí ó ní kó lanu, kó gbé ahọ́n sókè, nítorí àwọn kan máa ń fi hóró oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, tí wọ́n á máa kó o jọ títí yóò fi pọ̀ tó èyí tí wọ́n lè fi para wọn. Ẹni tó ti gbìyànjú àtipa ara rẹ̀, ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ gan-an, kò gbọdọ̀ dá wọ̀ ọ́. Ní àkókò kan náà, ẹnì kan ń kọrin, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn, ẹnì kan sì ti ń bú nọ́ọ̀sì tìyátìyá láti ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ bú u padà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun ló ń tu jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú ìwé kan tí Arlie Hochschild, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1983 lórí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú, ó ṣàlàyé pé kíkó ìbínú àti ìbànújẹ́ ẹni mì nítorí iṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ gidi tó ń gba agbára gidi. Bí ti ẹni tó ń pín oúnjẹ nínú ọkọ̀ òfurufú bá rí bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ti ẹni tó jókòó ti èèyàn tó fẹ́ kú?

Àárẹ̀ tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí oorun ọjọ́ Àìkú lè wò. Herbert Freudenberger, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní New York, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974, nígbà tó rí i pé àwọn tó ń fi gbogbo ara ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn tójú ń pọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ bí ewé láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Christina Maslach, òun náà onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, fi ọ̀nà mẹ́ta hàn tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹni náà á kọ́kọ́ rí i pé okun inú òun ti tán. Lẹ́yìn náà, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí dà bí ẹrù lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì nọ́ńbà báyìí-báyìí, tí kò tún jẹ́ ọmọ ènìyàn kan tó lórúkọ mọ́. Níkẹyìn, á gbà pé kò sí ohun tí òun ń ṣe tó já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀kejì yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀: ọwọ́ líle, ìdáhùn ṣákálá, okùn tí wọ́n sáré so nígbà tí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ì bá ti tó. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìpínsọ́wọ̀ọ́ àìsàn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Ohun tí ibi iṣẹ́ ń fà ni wọ́n pè é, nígbà tí wàhálà iṣẹ́ bá pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì yanjú rẹ̀. Mo rọ̀ mọ́ ìpínyà yẹn gidigidi. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, ẹni tó ń ṣe ni wọn ì bá fún lóògùn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ń fà á, ibi iṣẹ́ náà ló yẹ kí á wò sàn.

Ìwádìí tó kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ oríṣiríṣi jọ lórí àwọn nọ́ọ̀sì ọpọlọ, tó jáde ní 2019, rí i pé nínú nọ́ọ̀sì mẹ́rin, okun inú ẹnì kan ti tán. Ní ilé wa níbí, Lasebikan àti Oyetunde ṣe tiwọn ní 2012 láàárín nọ́ọ̀sì 270 ní ilé ìwòsàn gbogboogbò kan. Ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni okun wọn ti tán, ìdá 40 sì gbà pé iṣẹ́ àwọn kò já mọ́ nǹkan. Òótọ́ ni pé ilé ìwòsàn gbogboogbò kì í ṣe ilé ìwòsàn ọpọlọ, a kò sì lè fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì pátápátá. Àwọn ohun tí wọ́n rí pé ó so mọ́ àárẹ̀ náà ni kí á fọkàn sí: iṣẹ́ alẹ́ tó pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì tó kéré jù, àti ìjà láàárín dókítà àti nọ́ọ̀sì. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ mọ́ irú àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹni tó ń ṣe ìwé iṣẹ́ alẹ́ ló mọ̀ nípa àkọ́kọ́, ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ló mọ̀ nípa èkejì, olórí ilé ìwòsàn ló sì lè parí ẹ̀kẹta.

Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń fi òwe dá ni lẹ́kun. Wọ́n á ní wèrè la fi ń wo wèrè. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ fi kún un pé ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, díẹ̀ á ràn án. Mo mọ̀ pé ewu wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́. Nínú àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń gba ẹni tí àìsàn ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí, ìwádìí káàkiri ayé fi hàn pé nǹkan bí aláìsàn kan nínú mẹ́fà ló máa ń ṣe ohun ìpalára kan kó tó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ara aláìsàn nìkan ni ewu náà ti ń wá, a jẹ́ pé kò sí bí a ṣe lè tún wọ́ọ̀dù tò tí yóò dín kù. Ó dín kù ṣáá. Olùwádìí kan, Len Bowers, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan kan wò ní wọ́ọ̀dù 31 ní London àti agbègbè rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015. Ohun tí wọ́n ṣe kò gba owó ńlá: wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn mọ ohun tí ẹnìkejì fẹ́ràn, wọ́n kọ́ wọn ní bí a ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé rárá, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ ohun rere kan nípa aláìsàn kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ìjà àti rúkèrúdò fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, dídè àti ìtìmọ́lé sì fi ìdá 26 dín kù. Irú aláìsàn kan náà ló wà níbẹ̀. Ètò ló yí padà. Ẹni tó bá ń sọ pé wèrè ń ran nọ́ọ̀sì, ètò tí kò dára ló ń bò mọ́lẹ̀.

Abẹ́òkúta ló wá fi ẹ̀rí tó lágbára jù hàn mí. Láti Láderin, takisí á gbé èrò wọ àárín ìlú, láàárín òkè àpáta àti ilé tó ti pẹ́. Lántòrò wà níbẹ̀, níbi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú ní 1944, fún àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú nínú ogun Hitila. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀nà Yábàá la ṣì ń tọ̀: ògiri, kọ́kọ́rọ́, olùṣọ́. Ní 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo dé láti Britain láti wá darí Aro. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ìlú náà ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ilé ìwòsàn tuntun náà kò tíì parí nígbà tó dé. Dípò kó jókòó dè é, ó lọ bá àwọn baálé abúlé tó yí Aro ká pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn á wá pẹ̀lú ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, tí yóò máa dáná fún un tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án, ẹni tó bá lágbára á lọ sóko pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Ìjọba yá àwọn onílé lówó láti fi kún yàrá wọn, wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn. Lambo sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òun ṣiṣẹ́, lábẹ́ ojú àwọn dókítà. Nígbà tí ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ wáyé ní 1961, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é. Lambo padà di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Bí àwọn èèyàn bá ń yin iṣẹ́ yìí, ti aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń sọ, pé ó tètè ń sàn, pé kò pàdánù ilé. Ohun tó ṣe fún nọ́ọ̀sì ni wọn kì í mẹ́nu bà. Lálẹ́, ìyá aláìsàn ló ń ṣọ́ ọ. Onílé mọ ìgbà tí kò jẹun. Ará oko mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí dá sọ̀rọ̀. Ojú tí ń ṣọ́ aláìsàn kan lé ní mẹ́wàá, owó oṣù nọ́ọ̀sì kan kò sì gbé gbogbo rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n lè bi mí bóyá mo fẹ́ kí á padà sí ayé àtijọ́, nígbà tí abúlé tó yí Aro ká ti di àdúgbò inú ìlú, tí onílé ń wá ayálégbé tó máa san owó ọdún méjì, tí ìyá aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí kò lè tì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Abúlé yẹn kò ní padà wá. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kò tíì kú, Aro fúnra rẹ̀ ló sì fi hàn: láti 2011 ni ilé ìwòsàn náà ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọ́n ṣe ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ nítòsí ilé aláìsàn. Dókítà ọpọlọ Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe irú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìwádìí tí Gureje gbé jáde ní 2006 sọ ìdí tí èyí fi ṣe kókó: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí àìsàn ọpọlọ tó le gan-an ń bá jà láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, bí mẹ́jọ péré ló ń rí ìtọ́jú kankan gbà. Àwọn yòókù ń dúró sílé títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́. Ohun tó dé wọ́ọ̀dù níkẹyìn ni èyí tó le jù, tó ti pẹ́ jù, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló sì já sí. Dókítà ọpọlọ tó wà lórílẹ̀-èdè yìí kò pé 300, èèyàn inú rẹ̀ ti ju 200 mílíọ̀nù lọ. Bí a kò bá tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kò sí iye nọ́ọ̀sì tó lè tó ní Aro àti Yábàá.

Àwọn kan á sọ pé ta ni kò rẹ̀ ní Nàìjíríà, pé olùkọ́ ti rẹ̀, awakọ̀ ti rẹ̀, pé nọ́ọ̀sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó yan iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìpè ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpè, mo sì gbà pé òun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìpè yẹn ni Freudenberger rí tí wọ́n ń gbẹ. Ẹni tí iṣẹ́ kò ká lára kì í tètè tán lókun, torí kò gbé e sọ́kàn. Bí a bá ń fi ìpè sanwó iṣẹ́, àwọn tó dára jù nínú wọn la máa kọ́kọ́ pàdánù. A tilẹ̀ ti fi nǹkan tí kò tó ìpè san án: títí di ìparí 2021, owó ewu tí ìjọba àpapọ̀ ń fi kún owó oṣù nọ́ọ̀sì kò ju ₦5,000 lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí japa, ohun tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni pé ó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ ọdún méjì kó tó lè fi ìwé wọn ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìwọ́de nítorí rẹ̀. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lójú mi, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó rẹ̀ kò tíì wo àárẹ̀ rẹ̀ sàn.

Àtakò tó le jù ni ti Ìlú Ọba. Nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tó ti wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ níbẹ̀. Owó wọn dára ju tiwa lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọ́n ń sọ pé okun ti tán. Ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ náà gan-an ló burú, pé owó àti ètò kò lè tún un ṣe? Mo gbà pé owó nìkan kò lè tún un ṣe, kò sì sí ibi tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Láàárín 2010 àti 2017, iye nọ́ọ̀sì ọpọlọ nínú ètò ìlera England dín kù, nígbà tí àwọn tó ń wá ìtọ́jú ń pọ̀ sí i. Owó tó dára kò dí àlàfo ọwọ́ tó dín. Ní Wales, ìwádìí kan ní 2006 rí i pé nọ́ọ̀sì ọpọlọ tí àgbà iṣẹ́ ń bá jókòó déédéé, tí wọ́n jọ ń yẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn wò, tó sì gbà pé ìjókòó náà ń ṣe òun láǹfààní, kì í tán lókun tó bí àwọn yòókù. Kì í ṣe ìjókòó láti bá a wí tàbí láti yẹ ìwé wò. Ibi tó ti lè sọ pé ẹ̀rù bà mí lánàá ni, láìsí pé ẹnikẹ́ni máa kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì lè tó fún irú rẹ̀, ilé ìwòsàn tí kò lówó náà sì lè ṣe é bó bá fẹ́.

Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti wà nílẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀ka kan wà fún un ní iléeṣẹ́ ìlera, pẹ̀lú àpò owó tirẹ̀. California ti fi òfin dè é láti 2004 pé nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ ní ju aláìsàn mẹ́fà lọ ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ. A kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní ìpín tiyín níbẹ̀. Bí èèyàn yín bá wà ní Yábàá, ní Aro tàbí níbikíbi tí wọ́n ti ń wo ọpọlọ, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù tí ẹ fún nọ́ọ̀sì máa wọlé. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ àbẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó ti tó ilé lọ, ẹ wá mú un, torí gbogbo aláìsàn tí ẹbí rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá ń gba àkókò ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá. Tí àwọn tó ń wá ìbò bá sì dé àdúgbò yín, ẹ bi wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn: ní ilé ìwòsàn ọpọlọ wa, nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú aláìsàn mélòó lóru, ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n lọ láìdáhùn.